MỌ́TÒ ÌJÀPÁ TÓ Ń KÚ LÓJÚ TÍTÌ: Ẹ TẸ̀LÉ INÁ, Ẹ MÁ TẸ̀LÉ ARIWO

Bí èèyàn bá wọ bọ́ọ̀sì ní Mile 2, tó forí lé ọ̀nà Àgbádárìgì, bó bá ti kọjá Trade Fair báyìí, yóò gbọ́ tí kọ̀ndọ́ ń pariwo, "Volks! Volks wà o?" kí wọ́n tó dé Ìyànà Ìbà àti Okokomaiko. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìwòyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́ rò pé orúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù lásán ni. Kì í ṣe orúkọ lásán o! Àdúgbò yẹn ni wọ́n ti to mọ́tò tí àwọn bàbá wa sọ ní Ìjàpá, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ rí rìbìtì bíi ti ọkọ Yánníbo.

Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Ọ̀jọ́. Ìjàpá ló gbajúmọ̀ jù, ṣùgbọ́n wọ́n tún to Passat, Jetta, Audi àti Igala, èyí tí wọ́n ń kó àwọn ẹ̀yà rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Brazil. Nígbà tó di ẹ̀yìn 1986 tí náírà já wálẹ̀, owó tí wọ́n fi ń kó ẹ̀yà mọ́tò wọ̀lú fò sókè, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù títí wọn ò fi to Ìjàpá mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn, orúkọ rẹ̀ di VON, Nissan ni wọ́n sì ń to níbẹ̀ ní 2014. Ní gbogbo ayé pàápàá, ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2003 ni Ìjàpá tó kẹ́yìn jáde, ní ìlú Puebla lórílẹ̀-èdè Mexico. Èyí tí wọ́n ṣe lápapọ̀ lé ní mílíọ̀nù 21.

Ohun tí wọn kò bá ṣe mọ́, òun ló máa ń wu èèyàn ní. Lónìí, Ìjàpá ti di mọ́tò àmúyangàn. Àwọn ọmọ ń wọ́ èyí tí bàbá wọn pa tì sẹ́yìnkùlé jáde, wọ́n ń kó o lọ sọ́dọ̀ páńẹ́ẹ̀lì bítà àti pẹ́ńtà. Àwọn olówó mìíràn ní Karmann Ghia, mọ́tò eré oníbejì tí wọ́n ṣe ní Jámánì láti 1955 dé 1974. Ara rẹ̀ jọ ti ọmọge, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín, ẹ rántí o: ẹ́ńjìnnì tí atẹ́gùn ń tù bẹ́ẹ̀ náà ló wà nídìí dáńfó Volkswagen tó gbé ẹrù ata àti ẹ̀gẹ́ yín lọ sọ́jà láyé ọjọ́un.

Wàhálà ibẹ̀ nìyí. Ká sọ pé télọ̀ kan ní Okokomaiko ṣa owó jọ fún ọdún mẹ́ta, ó fi tún Ìjàpá bàbá rẹ̀ ṣe. Ọ̀dà ń dán bíi dígí, àga jẹ́ awọ tuntun. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e jáde, mọ́tò kú fún un ní Ìyànà Ìbà. Géèjì epo ń sọ pé táńkì kún, bẹ́ẹ̀ àná ló rà lítà márùn-ún péré. Sípídómítà sùn fọnfọn. Ẹni kan ní bátìrì ni, ó ra bátìrì. Ẹlòmíràn ní kọ́ìlì ni, ó ra kọ́ìlì. Ẹnìkẹta ní kí wọ́n pààrọ̀ kábúrétọ̀. Owó tán, mọ́tò ò lọ. Ẹ̀yin èèyàn wa, ṣé kò yẹ ká fi ọgbọ́n sí i?

Ọ̀DÀ TUNTUN, ÀÌSÀN TUNTUN

Àwọn àgbà ní a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Ohun tí ọ̀pọ̀ tó ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe ń ṣe nìyẹn: wọ́n kùn ún lẹ́wà lóde, wọn ò wo wáyà inú. Èyí tó wá burú ni pé àtúnṣe yẹn gan-an ló máa ń bí àìsàn náà.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Bátìrì ní ẹnu méjì. Iná ń jáde láti ẹnu kan, ó ń gba inú wáyà lọ síbi tó ti máa ṣiṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ padà wá sí ẹnu kejì. Nínú mọ́tò, wọn kì í fa wáyà kejì fún ìpadàbọ̀. Irin ara mọ́tò fúnra rẹ̀ ni ọ̀nà tó ń gbà padà. Òun ni àwọn rìwáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Bí pẹ́ńtà bá ti kun ojú ibi tí wọ́n ti fi bóòtì de ẹ́ẹ̀tì mọ́ irin, ó ti fi géètì dí ojú ọ̀nà nìyẹn. Ìpáàtà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà ní Ọ̀jọ́ sì mọ bí irin ṣe ń tètè dógùn-ún.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe rírà. Ẹ mú sáńpépà, ẹ ha ojú ibi tí wáyà dúdú bátìrì ti so mọ́ ara mọ́tò títí irin yóò fi funfun, kí ẹ tó dè é padà kó le. Ẹ wò ó bóyá okùn ẹ́ẹ̀tì tó so gíàbọ́ọ̀sì mọ́ ara mọ́tò ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Bí okùn yìí ò bá sí, kíkísítátà yóò máa kérora bí aláìsàn, wọn yóò sì ní bátìrì ló kú.

BÍ INÁ ṢE Ń RÌN

Ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù ò béèrè ju nǹkan mẹ́ta lọ: epo, atẹ́gùn àti iná lásìkò. Ti iná là ń sọ.

Lára Ìjàpá, abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì wà. Iná ń kúrò níbẹ̀ lọ sójú kọ́kọ́rọ́ níwájú awakọ̀. Bí a bá ṣí i, iná padà sẹ́yìn lọ bá kọ́ìlì. Kọ́ìlì dà bí alájàpá tó mú owó kékeré lọ sóko, tó padà dé pẹ̀lú èrè ńlá: vólítì 12 ló wọlé sí i, ẹgbẹẹgbẹ̀rún vólítì ló ń tú jáde. Ẹni tó ń sọ fún kọ́ìlì pé kó tú u jáde ni kọ́ńtáàtì, irin kékeré méjì inú dísítíríbútọ̀ tó ń ṣí, tó ń pa dé. Bó ṣe ń ṣí ni iná ń ta. Rótọ̀ a wá pín in fún pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin bí ìyá tó ń bu oúnjẹ fọ́mọ. Kì í ṣe lẹ́sẹẹsẹ ló ń pín in o: ìkíní, ìkẹrin, ìkẹta, ìkejì ni. Ẹni tó bá fi wáyà wọn há ara wọn lọ́wọ́, mọ́tò rẹ̀ yóò máa wúkọ́, yóò máa yìnbọn lẹ́yìn.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yìí ti mọ bó ṣe máa wá olè. A ó kàn máa tẹ̀lé iná láti ilé dé oko ni, ibi tí a bá ti wá a tì, ibẹ̀ ni olè wà.

ÀYẸ̀WÒ TÍ KÒ NÁNI NÍ KỌ́BỌ̀

Bí kíkísítátà bá ń yí ẹ́ńjìnnì ṣùgbọ́n tí kò ta, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì kan, ẹ fi í padà sẹ́nu wáyà rẹ̀, kí ẹ gbé ìdí rẹ̀ lé irin ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi páláyà tó ní rọ́bà gbígbẹ mú un, ẹ má fi ọwọ́ lásán mú un, kí ẹ sì rí i pé epo ò kán sílẹ̀ nítòsí. Kí ẹnìkan yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá ta ní àwọ̀ búlúù tó ń dún táì-táì, iná wà, ẹ lọ wo epo. Bó bá pupa rúsúrúsú, iná ti rẹ̀ ẹ́. Bí kò bá ta rárá, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ẹ mú tẹ́sítà onígílóòbù. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ gbé ẹnu tẹ́sítà lé ibi tí wáyà ojú kọ́kọ́rọ́ ti wọ kọ́ìlì, níbi tí wọ́n kọ 15 sí. Bí kò bá tàn, kọ́ìlì ò ṣẹ̀. Ojú kọ́kọ́rọ́ tàbí wáyà tó wá láti ibẹ̀ ni. Ojú kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ máa ń jẹ nínú: bí mọ́tò bá ń kú nígbà tí ọkọ̀ bá kó sí kòtò, tàbí tí ẹ bá mi kọ́kọ́rọ́ tó ń pa á, ẹ ti mú olè.

Bó bá tàn ní 15, ẹ gbé tẹ́sítà lọ sí ìhà kejì kọ́ìlì níbi tí wọ́n kọ 1 sí, kí wọ́n máa yí ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kí gílóòbù máa tàn, kó máa kú. Bó bá tàn tí kò kú, kọ́ńtáàtì ò pa dé: ó dọ̀tí tàbí ó jìnnà síra. Bí kò bá tàn rárá, kọ́ńtáàtì ò ṣí, tàbí wáyà kan ti lẹ̀ mọ́ irin, tàbí kọ́ìlì ti já nínú. Ẹ ò rí i pé gílóòbù kékeré kan ti bá wa dá ẹjọ́ tí ẹni mẹ́ta ń jà sí!

Àlàfo kọ́ńtáàtì Ìjàpá nígbà tó bá ṣí tán kò ju 0.4 mílímítà lọ. Fílà géèjì la fi ń wọ̀n ọ́n, ojú lásán ò tó o. Bó bá pọ̀ jù, iná ò rí àyè kó ara rẹ̀ jọ. Bó bá kéré jù, kọ́ńtáàtì ń jóná. Bí ẹ bá rí i pé ojú kọ́ńtáàtì tuntun ń jóná dúdú láìpẹ́, ẹ fura sí kọ́ńdẹ́ńsà, agolo kékeré tó wà lára dísítíríbútọ̀. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ̀gá mẹkáníìkì di ẹni tó ń họrí.

Èyí tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú jù ni mọ́tò tó ń lọ dáadáa láàárọ̀, tó ń kú nínú gósíló lọ́sàn-án, tó tún ń ta lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jókòó ti í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn kan a ní ẹ̀mí àìrí ni. Kò sí ẹ̀mí àìrí níbẹ̀ jàre. Kọ́ìlì tàbí kọ́ńdẹ́ńsà ló ń gbóná tó ń dákú, tó ń jí bó bá tutù. Nígbà mìíràn, epo ló ń hó nínú páìpù rẹ̀. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀ ni pé kí ẹ yẹ iná pọ́lọ́ọ̀gì wò nígbà tó kú yẹn gan-an. Ẹ má dúró kó tutù. Bí iná bá ta dáadáa, epo ni. Bí kò bá ta, iná ni.

Ẹ kíyè sí èyí náà: ẹ má ṣí kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́, bóyá ẹ fẹ́ gbọ́ rédíò. Bí kọ́ńtáàtì bá wà ní pípadé, kọ́ìlì yóò máa gbóná títí yóò fi jóná.

OJÚ DÁṢÍBỌ́Ọ̀DÙ: TA LÓ Ń PURỌ́?

Ìjàpá kò ní géèjì púpọ̀. Ìwọ̀nba tó ní, ó yẹ kéèyàn mọ èdè wọn.

Iná pupa ni ọ̀gá wọn. Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ bátìrì nìkan ló ń sọ, wọ́n a ní "kò burú, màá délé." Ó burú o! Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí dáínámò tó ń ki bátìrì, dáínámò yẹn náà ló sì ń yí fáànù tó ń tu ẹ́ńjìnnì. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, kò lo omi, kò sì ní géèjì tó ń sọ pé ara ẹ́ńjìnnì ti gbóná. Bí bẹ́líìtì bá já, iná pupa yẹn nìkan ni yóò ké sí yín. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ láti Okokomaiko dé Mile 2 pẹ̀lú iná pupa lójú, ẹ́ńjìnnì tuntun ló ń lọ rà yẹn. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ wo bẹ́líìtì. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Iná kejì ni ti ọ́ìlì, aláwọ̀ ewé ni lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bó bá tàn lórí eré, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kíá, kí ẹ wo ọ́ìlì. Lítà méjì ààbọ̀ péré ni ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà, èyí tó bá jò díẹ̀ nínú rẹ̀ ti pọ̀.

Ìbéèrè kan rèé: bí gílóòbù iná pupa yẹn bá ti jóná ńkọ́? Kò ní tàn láé, ẹ ó sì máa rò pé àlàáfíà ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí iná méjèèjì tàn láràárọ̀ nígbà tí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ́ńjìnnì tó ta, kí wọ́n sì kú lẹ́yìn tó bá ta. Ajá tó ti yadi kò lè ṣọ́lé.

Sípídómítà tó sùn kò ní kí ẹ ra tuntun. Wáyà tó ń yí i wá láti inú táyà iwájú lọ́wọ́ òsì lára àwọn tí a ń wà lọ́wọ́ òsì. Orí wáyà náà yọ ní ojú ìdérí àárín táyà, pín-ìnnì kékeré kan ló dì í mú níbẹ̀. Bí fọ́káníísà tàbí mẹkáníìkì bá yọ ìdérí yẹn, tí kò dá pín-ìnnì padà, ọ̀rọ̀ tán. Ohun tí owó rẹ̀ kò tó ti àkàrà ló pa sípídómítà!

Géèjì epo náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Lára àwọn tó ń lo iná, bí ẹ bá yọ wáyà tó wá láti ọ̀dọ̀ lílefòó inú táńkì, tí ẹ fi kan irin ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ọwọ́ géèjì bá sáré lọ sí ibi tó kún, géèjì ò ṣẹ̀, lílefòó ló bàjẹ́. Bí ọwọ́ géèjì bá dúró sí ibi tó kún nígbà gbogbo, wáyà yẹn ti lẹ̀ mọ́ irin níbì kan. Ṣùgbọ́n iwájú, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ni táńkì Ìjàpá wà. Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí lẹ́yìn géèjì, ẹ má ṣe é lórí táńkì. Iná àti òórùn epo kì í ṣọ̀rẹ́.

Bí gbogbo wọn bá wá ń ya wèrè papọ̀ ńkọ́, tí iná ìyànà ń mú kí géèjì epo máa jó, tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń ṣẹ́jú? Àìsàn tó ń ṣe ogójì ló ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Ẹ má ra ẹyọ kan nínú wọn. Ẹ mú wáyà gígùn kan, ẹ fi ẹnu kan mọ́ irin tó mọ́, ẹ fi ẹnu kejì kan ara géèjì. Bí gbogbo wọn bá gba ìwòsàn, ẹ́ẹ̀tì ló ń jà wọ́n, ọ̀dà pẹ́ńtà ló dí i.

ẸJỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ JẸ́ KÓ JÓ

Ohun mẹ́ta ló ń jó Ìjàpá. Èkíní ni àga ẹ̀yìn. Irin ìsún àga wà lókè bátìrì gẹ́lẹ́. Bí ẹnìkan tó sanra bá jókòó, tí kò sí ìdérí lórí bátìrì, irin yẹn lè kan ẹnu rẹ̀, kí àga gbiná nídìí èrò. Awọ tuntun tí ẹ rán sí àga kò ní kí ẹ má fi ìdérí bátìrì sí i. Èkejì ni rọ́bà epo nídìí ẹ́ńjìnnì. Ooru ń mú kó sán, epo a sì máa kán sórí irin gbígbóná. Rọ́bà ò wọ́n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ fi kílíìpù dì í. Ẹ̀kẹta ni àwọn tó ń fi wáyà tàbí bébà sìgá dípò fíúùsì. Fíúùsì ni ọlọ́dẹ tó ń kú kí ilé má bàa jó. Ẹni tó bá fi irin dípò rẹ̀ ti lé ọlọ́dẹ lọ.

KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá Ìjàpá o. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù yín ní pọ́lọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì. Ẹ̀rọ ìlọta tó ń lo bẹntiróòlù ní in pẹ̀lú. Nígbà tí ẹni tó ń tún un ṣe bá ní "kọ́ìlì ti lọ, màmá, ẹ mú owó wá," ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé, "Ọmọ mi, fi hàn mí." Kó yọ pọ́lọ́ọ̀gì, kó fi hàn yín pé iná ò ta. Bó bá pààrọ̀ ohun kan, kó gbé ògbólógbòó fún yín. Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní bínú. Ẹni tó bá ń fi rírà wá àìsàn, owó yín ló fi ń kọ́ṣẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ náà, ẹ gbọ́. Ọjà ẹ̀yà mọ́tò ASPAMDA wà ní Trade Fair, ẹ ò jìnnà sí ohun tí ẹ fẹ́ rà. Ọgbọ́n ló ń wọ́n. Síkánà tí ẹ ń kì bọ mọ́tò ayé òde òní kò lè sọ nǹkan kan fún yín nípa Ìjàpá, nítorí kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀ tí yóò dá a lóhùn. Etí, ojú àti gílóòbù kékeré ni síkánà rẹ̀. Àwọn bàbá tó ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì yìí láti òkèèrè, tí wọ́n sì mọ ohun tó ń ṣe é, ń dàgbà lọ, kì í ṣe gbogbo wọn ló sì ní ọmọ iṣẹ́ lẹ́yìn. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ bá wọn gbé sípánà, ẹ bi wọ́n léèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣiṣẹ́ ní Volks láyé ọjọ́un, tàbí tí ẹ ti tún Ìjàpá ṣe rí ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà àti ní Okokomaiko, ojú ìwé lẹ́tà wa ṣí sílẹ̀ fún yín. Ẹ kọ èyí tí a kò mẹ́nu bà, kí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i kà. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá sì kú lójú títì lọ́la, kó fọkàn balẹ̀, kó mú tẹ́sítà rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bátìrì.